Abúlé àgbẹ̀ ní Faransé tó bá ẹrú aláwọ̀ dúdú bẹ ọba lọ́dún 1789: ṣé òótọ́ ni àbí àsọdùn?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mo wo fídíò kan lánàá. Wọ́n ní abúlé kékeré kan wà ní Faransé, Champagney lorúkọ rẹ̀, pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kọ̀wé sí ọba wọn ní 1789 nítorí àwọn ẹrú dúdú tó wà lókè òkun. Ó ṣòro fún mi láti gbà. Àgbẹ̀ tí ebi ń pa, tí kò rí ènìyàn dúdú rí, báwo ló ṣe máa ráyè ronú kan ẹrú? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn òyìnbó kàn ń yin ara wọn? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí ló kàn wá níbẹ̀?

* * *

Òótọ́ ni. Ìwé náà wà, déètì sì wà lára rẹ̀: ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1789. Apá ìlà-oòrùn Faransé ni mo ń gbé, mo sì ti dé Champagney. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó wà, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé Paris ni.

Haute-Saône ló wà, nínú agbègbè tí wọ́n ń pè ní Franche-Comté. Òkè Vosges wà ní àríwá rẹ̀, ìlú Belfort wà ní ìlà-oòrùn, Lure wà ní ìwọ̀-oòrùn. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ Rahin sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó gba ìlú náà kọjá. Rahin lọ dà sínú Ognon, Ognon dà sínú Saône, Saône dà sínú Rhône, Rhône ló wá gbé omi náà dé òkun Mẹditaréníà. Bẹ́ẹ̀, Nantes, Bordeaux, La Rochelle àti Le Havre, àwọn ìlú tó fi òwò ẹrú kọ́ ilé aláràbarà, apá kejì ilẹ̀ Faransé ni gbogbo wọn wà, létí òkun lọ́hùn-ún. Ará Champagney kan lè dàgbà, kó darúgbó, kó sì kú láìfojú kan ọkọ̀ òkun rárá.

Ilẹ̀ wọn kò lọ́ràá. Òkúta yanrìn tó pọ́n ló wà lábẹ́ rẹ̀, òkúta yẹn náà ni ẹ máa rí lára ògiri àti yíká fèrèsé àwọn ilé àtijọ́. Òtútù máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ọkà rye, pòtétò, màlúù díẹ̀ àti igi inú igbó ni wọ́n fi ń gbé ayé wọn. Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà ní Lure ló ni ilẹ̀ lórí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní inú ihò ni wọ́n ń gbé kò wo máàpù. Àárín òkè Vosges àti òkè Jura, àlàfo kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ogun, oníṣòwò àti ìròyìn ń gbà láti ayé ìgbà kan. Ọ̀nà tó ti Paris lọ sí Basel ń kọjá ní àdúgbò wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Paris á dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kàn lè pẹ́ díẹ̀.

* * *

Ẹ ti pọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà gan-an. Ẹ ṣé tí ẹ béèrè, torí àríyànjiyàn púpọ̀ á tán bí a bá kà á.

Lọ́dún náà, ọba Louis kẹrìndínlógún pe àpéjọ ńlá gbogbo ilẹ̀ Faransé, irú èyí tí wọn ò pè mọ́ láti 1614. Gbèsè ti mu ìjọba lómi. Ó ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sínú ìwé kí aṣojú wọn gbé e wá. Ọkùnrin tó bá ti pé ọdún 25 tó sì ń san owó orí lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó níbi ìpàdé náà. Bí 60,000 irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ káàkiri ilẹ̀ náà. Ẹ má sì gbàgbé àkókò tí wọ́n kọ ọ́: yìnyín ti ba oko jẹ́ ní oṣù Keje 1788, òtútù ọdún yẹn mú kí odò dì, owó búrẹ́dì ti gun òkè àjà.

Owó orí, ìdámẹ́wàá, ẹ̀tọ́ àtiwọ igbó gé igi, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún olówó ilẹ̀: irú nǹkan báwọ̀nyí ló kún ìwé àwọn abúlé. Champagney náà kọ tiwọn. Nígbà tí wọ́n dé abala 29, ọ̀rọ̀ ya gba ibòmíì.

Wọ́n ní àwọn kò lè rántí ìyà tó ń jẹ ènìyàn dúdú ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè kí ọkàn àwọn má gbọgbẹ́, pé èèyàn bí àwọn ni wọ́n, pé ẹ̀sìn kan náà tún so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n ju ẹran tó ń ru ẹrù lọ. Wọ́n ní àwọn ò rò pé ẹnikẹ́ni lè máa lo ohun tó ti ilẹ̀ yẹn wá bó bá jókòó rò ó pé ẹ̀jẹ̀ ọmọlàkejì òun ni wọ́n fi bomi rin ín. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé ìran tó ń bọ̀, tí ojú wọn á là jù báyìí lọ, á pe àwọn Faransé ayé ìgbà náà ní ajẹ̀nìyàn. Nítorí náà wọ́n bẹ ọba pé kó wá ọ̀nà tí yóò fi sọ àwọn ẹrú náà di ọmọ ìlú tó wúlò fún ọba àti fún ilẹ̀ baba.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Mo ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè kà á lórí, ibi ajẹ̀nìyàn yẹn ló sì máa ń dá mi dúró. Ní ayé ìgbà tí àwọn òyìnbó ń tẹ ìwé jáde pé àwa là ń jẹ èèyàn, àgbẹ̀ ẹsẹ̀ òkè Vosges yí ìka padà sí ara rẹ̀. Ó ní àwa tí à ń fi ṣúgà sí ẹnu yìí gan-an là ń jẹ èèyàn.

* * *

Arákùnrin kan ní Ìbàdàn sọ pé: "Àgbẹ̀ kọ́ ló kọ ọ́. Alákọ̀wé kan ló fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu." Ẹlòmíì ní àlùfáà ìjọ ni. Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí ló gùn jù lókè, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Champagney máa ń dárúkọ ọkùnrin kan, Jacques-Antoine Priqueler. Ọmọ abúlé náà ni, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọba. Ẹni tó bá wà nítòsí ọba máa gbọ́ ohun tí Paris ń sọ, Paris sì ń sọ̀rọ̀ ẹrú nígbà yẹn torí pé ní oṣù Kejì 1788 ni òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Brissot àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Société des Amis des Noirs sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí òwò ẹrú dópin. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ Priqueler ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Bí wọ́n ṣe to àwọn gbólóhùn yẹn, ẹni tó ti kàwé ló tò wọ́n.

Ibi tí mi ò ti gbà ni pé nítorí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn àgbẹ̀. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni àwọn àgbà àdúgbò wa máa ń pè kí n bá wọn kọ lẹ́tà: sí àwọn tó ń ra kòkó, sí ìjọba ìbílẹ̀, nígbà tí afárá bá wó. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tí wọn ò ní kí n kà sókè, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé "a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín". Baba kan na ọ̀pá sí ìwé náà, ó ní: "Pa ìyẹn rẹ́. A ò bẹ̀bẹ̀. À ń sọ fún wọn ni." Mo pa á rẹ́. Ta ló ni lẹ́tà yẹn, èmi tí mo di bírò mú ni, àbí àwọn tó tẹ̀ka sí i?

Bí ìpàdé Champagney náà ṣe rí nìyẹn lójú mi. Priqueler lè dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fẹ́ fi sọ ìyà ara wọn fún ọba, tó jẹ́ pé ó ti ju àádọ́jọ ọdún lọ tí wọ́n ti láǹfààní irú rẹ̀ kẹ́yìn, ṣé àgbẹ̀ á jẹ́ kí àlejò ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀ lásán? Àwọn tó jókòó níbẹ̀ láṣẹ láti ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́.

Ẹni tó ní wọn ò rí ènìyàn dúdú rí: àwòrán kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwòrán àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ-ọwọ́. Ọ̀kan nínú wọn dúdú. Kì í ṣe ẹrú ni wọ́n yà á sí, ọba ni, ó mú ẹ̀bùn dání bí àwọn yòókù. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ara ohun tó fọwọ́ kan ọkàn àwọn baba wọn ni. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé ẹ̀rí ìyẹn hàn, ṣùgbọ́n mo dúró síwájú rẹ̀, mi ò sì rò pé ó jẹ́ ohun kékeré kí ọmọ máa wo ọba dúdú lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, láti ìgbà tó ti ń jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ títí tó fi dàgbà.

* * *

Sí arábìnrin tó ní "àwọn náà ẹrú ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lára": rárá o, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Lóòótọ́, Franche-Comté wà lára ibi tí àṣà mainmorte pẹ́ sí jù ní Faransé. Ẹni tí mainmorte bá dè, bó bá kú láìní ọmọ tàbí ará tó ń bá a jẹun nínú ilé kan náà, olówó ilẹ̀ ló máa jogún rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ lè pàdánù ogún baba rẹ̀. Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé tó lókìkí, jà fún àwọn tí wọ́n dè báyìí ní Saint-Claude, lórí òkè Jura. Ní oṣù Kẹjọ 1779 ọba fòpin sí i lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì nírètí pé àwọn ìjòyè á ṣe bíi tòun. Ní Franche-Comté, púpọ̀ nínú wọn kọ etí dídi. Àfi nígbà tó di oṣù Kẹjọ 1789 tí àpéjọ ní Versailles wó ètò náà lulẹ̀.

Ìyà ni, mi ò jiyàn. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó súnmọ́ ọn nílé wa, ìwọ̀fà ni, ẹrú kọ́. Àgbẹ̀ mainmorte ní orúkọ, ó ní aya tó jẹ́ tirẹ̀, ó lè lọ sí kóòtù pe olówó ilẹ̀ lẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e gun ọkọ̀ òkun, kò sẹ́ni tó fi irin gbígbóná ṣe àmì sí i lára. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará Champagney fúnra wọn kò sọ pé "bíi tiwa ni". Wọ́n ní ìyà ti àwọn yẹn ju ti ẹranko lọ.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ilẹ̀ òkèèrè tí ìwé yẹn ń sọ, Saint-Domingue ló tóbi jù nínú wọn, èyí tó di Haiti lónìí. Ní 1789, ẹrú tó wà níbẹ̀ ti súnmọ́ 500,000, wọ́n ń gbin ìrèké àti kọfí. Níbo ni wọ́n ti ń kó wọn? Ibi púpọ̀ ni: Kongo, Angola, Senegal. Ṣùgbọ́n etíkun tiwa wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn Faransé ní ilé olódi ní Ouidah. Láàárín àwọn ọdún 1780, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo jẹ́ ibi tí ọkọ̀ Faransé ti ń kó ẹrú gan-an. Ọ̀yọ́ ló sì wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Nago, tí wọ́n fi ń pe Yorùbá, fi wà nínú ẹ̀sìn Haiti títí dòní, tí wọ́n sì ń bọ Ogou níbẹ̀. Ògún wa náà ni.

Ta ló wà lórí oyè ní Ọ̀yọ́? Aláàfin Abíọ́dún, ẹni tí a gbà pé 1789 yẹn gan-an ló wàjà. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn baba wa ń sọ nípa ayé rẹ̀: "Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó." A máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Àwọn òpìtàn ti fi yé wa pé òwò tó gba Àjàṣẹ́ kọjá wà lára ohun tó kún igbá yẹn, ẹrú sì ni olórí ọjà níbẹ̀. Ẹlòmíràn tí Ọ̀yọ́ mú lógun tàbí tó rà láti òkè ọya ló pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́dún kan náà, níbì kan wọ́n ń fi igbá wọn owó, níbòmíì àgbẹ̀ kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí a ń jẹ. Mi ò sọ ọ́ láti bú Ọ̀yọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá mi. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó ń kọ ọ́ lókè pé "òyìnbó ló ṣe é, kí òyìnbó lọ jíyìn ẹ̀." Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ la máa kà á, a ò ní rí ara wa níbẹ̀ rárá.

* * *

Ẹni tó ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí: ìlú náà ti dàgbà, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 3,500. Àwọn àgbẹ̀ ṣì wà, màlúù ni wọ́n ń sìn jù, fún wàrà. Ẹ ó rí Montbéliarde nínú pápá, màlúù pupa tó ní funfun, tí orí rẹ̀ funfun. Ní gbogbo agbègbè yẹn wọ́n ń jẹ cancoillotte, wàràkàṣì tó ń ṣàn bí ọbẹ̀ ewédú, wọ́n á dà á sórí pòtétò gbígbóná. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dájọ́.

Èédú náà ti sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ rí. Láàárín ọ̀rúndún 18 ni wọ́n ti rí èédú nínú ilẹ̀ láàárín Ronchamp àti Champagney, àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ inú ihò lọ wà á títí di 1958 tí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Adágún odò ńlá kan tún wà níbẹ̀ tó lé ní 100 hẹ́kítà. Èèyàn ló ṣe é. Wọ́n fẹ́ fi omi rẹ̀ bọ́ odò àfọwọ́gbẹ́ kan tí ọkọ̀ ojú omi á máa gbà láti Montbéliard lọ sí Saône. Odò àfọwọ́gbẹ́ náà kò dé ibi tí wọ́n ní kó dé láé, adágún ló ṣẹ́kù, àwọn èèyàn sì ń pẹja níbẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan láti Sakété mú wá dára, mo fẹ́ fi kún un. Ó ní bàbá bàbá òun jagun ní Faransé, ó sì ń béèrè bóyá ó kan agbègbè yìí.

Mi ò lè sọ ti bàbá yín ní pàtó. Ohun tó dájú nìyí: àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, Senegal nìkan kọ́ ni wọ́n ti mú wọn. Wọ́n mú wọn láti gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dàhòmì sì wà lára rẹ̀, níbi tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sakété wà. Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn Jámánì kúrò ní 1944, ogun gòkè láti gúúsù, ó sì há sí ẹsẹ̀ òkè Vosges ní ìgbà òjò àti òtútù, ní àyíká Ronchamp àti Champagney gan-an. Oṣù Kọkànlá ni Champagney bọ́ lọ́wọ́ Jámánì. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú 1re Division française libre, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé tó ń jà lápá ibẹ̀.

Kí ogun tó parí, àwọn ọ̀gá ogun ní kí wọ́n yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dúdú kúrò lójú ogun, kí àwọn ọ̀dọ́ Faransé tó ti inú igbó jà rọ́pò wọn. Wọ́n ní òtútù á pọ̀ jù fún wọn. Ìṣèlú sì wà níbẹ̀: wọ́n fẹ́ kí àwọn Faransé funfun rí ara wọn nínú àṣeyọrí náà. Àwọn kan ní láti bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn sílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò wọn.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó. Ẹsẹ̀ òkè kan náà, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní 1789 pé èèyàn bí àwa ni wọ́n. Ìwé abala 29 kò gba ẹ̀wù ẹnikẹ́ni padà. Ará abúlé kọ́ ló pa àṣẹ yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń yin Champagney má fi ti 1944 sílẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè. Àtakò tó lágbára jù tí mo rí nínú gbogbo èyí tí ẹ kọ, ti ọmọbìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ni. Ó ní kí a tún abala náà kà: kò sí "ẹ dá wọn sílẹ̀ lónìí" níbẹ̀. Ó ní wọ́n bẹ ọba pé kó "wá ọ̀nà", kí ẹrú lè di ẹni tó "wúlò fún ọba". Wúlò fún ta ni? Kí ló dé tí kò lè wúlò fún ara rẹ̀?

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní dá a láre. Èdè ẹni tó ń bẹ ọba ni, ó sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mo tún fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe abala 29 ló tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ẹrú Saint-Domingue fúnra wọn ló dìde ní oṣù Kẹjọ 1791. Ogun wọn ló fipá mú Faransé débi tí ó fi kéde òmìnira ní oṣù Kejì 1794. Napoléon tún fi ẹrú lélẹ̀ padà ní 1802. Haiti jà títí ó fi gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804, àwọn ẹrú ilẹ̀ Faransé yòókù sì dúró títí di oṣù Kẹrin 1848 tí Schœlcher, olóṣèlú Faransé tó ń jà fún òpin ẹrú, parí ọ̀rọ̀ náà. Toussaint Louverture tó jẹ́ olórí Haiti, àtìmọ́lé ní Fort de Joux ló kú sí, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1803. Fort de Joux wà lórí òkè Jura, nínú Franche-Comté kan náà yìí. Agbègbè tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹrú náà ni wọ́n ti fi òtútù pa olórí wọn.

Àwọn kan tún ń sọ pé Champagney nìkan ló sọ̀rọ̀ ẹrú ní gbogbo Faransé. Àsọdùn nìyẹn. Ìwé mìíràn wà tó mẹ́nu bà á, wọn ò kàn pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti ọwọ́ àwọn alákọ̀wé àti àlùfáà ìlú ńlá wá. Abúlé àgbẹ̀ tó sọ ọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Èwo ni ìwúlò rẹ̀ fún wa nígbà náà? Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ni, ó sì tó. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ òwò ẹrú, ẹnìkan á dìde pé "ayé ìgbà náà ni, wọn ò mọ̀ pé ó burú." Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn oníṣòwò Nantes, a sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọba tiwa. Champagney já irọ́ yẹn. Bí àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí, tí yìnyín ba oko rẹ̀ jẹ́, bá lè mọ̀ pé èèyàn ni, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ inú ọkọ̀ mọ̀. Ẹni tó ń gba owó ẹyọ lórí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ mọ̀. Torí náà, mi ò yin Champagney bí ẹni tó gbà wá là. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ sì mú gbogbo ẹni tó jèrè níbẹ̀, funfun àti dúdú.

Ẹni tó ní kò ná wọn ní nǹkan kan láti sọ ọ́ torí tálákà ni wọ́n, wọn kì í mu kọfí tó ní ṣúgà: ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ apá ibẹ̀ kì í rí ṣúgà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mu ún lójoojúmọ́ kò sọ ọ́.

* * *

Fún àwọn tó fẹ́ lọ: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀, Maison de la Négritude et des Droits de l'Homme. 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ ìlú náà tó ń jẹ́ René Simonin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Léopold Sédar Senghor, akéwì tó jẹ́ ààrẹ Senegal nígbà náà, sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe inú ọkọ̀ ẹrú síbẹ̀. Bí ẹ bá mú ọmọ kékeré lọ, ẹ sọ fún un kó tó wọlé, kí ẹ má sáré kọjá níbẹ̀.

Rélùwéè ń dúró ní Champagney, láti Belfort kò jìnnà rárá. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, torí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣí lójoojúmọ́ nígbà òtútù. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ni gbogbo Faransé fi ń rántí òwò ẹrú àti òpin rẹ̀, tí ẹ bá lè lọ ní àsìkò yẹn á dára. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ rí ọba dúdú yẹn, kí ẹ tó wá ka abala 29.

Ẹni tó fẹ́ fi Fort de Joux kún un lọ́jọ́ kan náà, ẹ má dán an wò. Ẹ̀bá Pontarlier ló wà, ó jìnnà sí Champagney, ọ̀nà òkè sì ni. Ẹ sùn ní Besançon, kí ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn: inú yàrá tí Toussaint kú sí tutù.